Táyà tòkunbọ̀: owó tí oníṣòwò Ìlọrin rò pé òun fi pamọ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Ìlọrin, awakọ̀ tó wọ ẹ̀wù òtútù jáde láàárọ̀ yóò ti bọ́ ọ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Táyà rẹ̀ kò ní ẹ̀wù tí yóò bọ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń sún kì bí òtútù bá mú, á sì wú bí ooru bá dé. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lọ sókè lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè fi 1 sí 2 kún iye tó wà lójú géèjì.

Èyí ló bí àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ láwọn gáréèjì. Awakọ̀ á ti Ogbómọ̀ṣọ́ dé lọ́sàn-án gangan, á ní kí fọganáísà bá òun wo táyà, géèjì á ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, wọ́n á sì jò ó dànù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, táyà ti tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín sí iye tó yẹ. Táyà bẹ́ẹ̀ á máa tẹ̀ bó ṣe ń yí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa gbóná, ooru yìí ló sì máa ń bẹ́ ẹ. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ló yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin ibi tó lè gbà dé, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣì í mú.

Láyé ìgbà tí Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, tí Dunlop náà ń ṣe é n'Ìkẹjà, táyà tuntun kò ṣòro rí bẹ́ẹ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa lọ́dún 2007, Dunlop sì dáwọ́ dúró lọ́dún 2008, nígbà tí owó epo jẹnẹrétọ̀ àti ọjà òkèèrè olówó pọ́ọ́kú kò jẹ́ kí wọ́n mí. Látìgbà náà, táyà òkèèrè ló gba ìgboro, tòkunbọ̀ sì gbilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré wọlé.

Ohun tí olùtajà kì í sọ ni pé, nílẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní táyà ìgbà ooru àti ti ìgbà òtútù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Rọ́bà ti ìgbà òtútù rọ̀, nítorí yìnyín ni wọ́n ṣe ṣe é. Bó bá pàdé oòrùn oṣù kẹta ní Ìlọrin, kíá ló máa ń jẹ. Àmì òkè mẹ́ta tó ní yìnyín láàárín ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT ló ń sọ ọ́: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kì í fẹ́ kí táyà kọjá ọdún mẹ́rin ní Nàìjíríà. Kì í ṣe mẹ̀kúnnù nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Lóṣù kẹta ọdún 2016, Mínísítà James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, táyà tó bẹ́ sì wà lára ohun tí FRSC kà sílẹ̀.

Bí òjò bá dé, wàhálà mìíràn ni. Ojú táyà ló ń la ọ̀nà fún omi. Èyí tó ti pá á kàn máa léfòó lórí títì ni, búréèkì kò sì ní mú. Ní Yúróòpù, bí ojú táyà bá ti dín sí mílímítà 1.6, òfin ní kí wọ́n yọ ọ́. Omi a tún bo gálọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. Táyà tó já sínú rẹ̀ lè má jò, àmọ́ okùn inú rẹ̀ ti já, kókó á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí fọganáísà tó lè lẹ ìyẹn.

Ẹrù ńkọ́? Lára táyà 195/65 R15 91, 91 yẹn túmọ̀ sí kílò 615, kò gbọ́dọ̀ gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó di àpò sìmẹ́ǹtì kún búùtù kì í rántí èyí.

Ká sọ pé ìyá oníṣòwò kan kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti Ìlọrin lọ Ìbàdàn, táyà bẹ́ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ sì dúró sínú oòrùn títí dalẹ́. Ó lè jẹ́ pé iye tó bá tòmátì náà lọ ju owó tó fi ra tòkunbọ̀ méjèèjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ìwé kékeré kan lè fi èyí hàn: kó kọ ọjọ́ tó ra táyà àti iye rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi oṣù tó lò ó pín owó náà nígbà tó bá yọ ọ́. Kó má gbàgbé sípíà táyà, èyí tó wà ní búùtù látọjọ́ tó ti ra ọkọ̀, tí kò sẹ́ni tó wo ọjọ́ orí rẹ̀ rí.