Níbo Ni Afẹ́fẹ́ Ti Ń Fẹ́?

Ní Chicago, O'Hare ni wọ́n ti ń wọn ìgbóná àti òtútù tí wọ́n ń kà fún gbogbo ìlú láti ọdún 1980. Pápákọ̀ òfurufú ni, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fi bíi máìlì 13 jìnnà sí etí adágún Michigan tí mo forí lé bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Wilson.

Láti àná ni wọ́n ti kéde pé clipper kan ń bọ̀. Ìjì kékeré ni, apá Alberta ní Kánádà ló máa ń ti wá; kì í gbé yìnyín púpọ̀ dání, ṣùgbọ́n eré ló ń sá, òtútù gidi ló sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kí ó tó kọjá, afẹ́fẹ́ gúúsù ló ń fà mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán yìí fi rọ̀: fóònù mi ní dígírì 34, ìyẹn ní Fahrenheit tí wọ́n ń lò níbí, tí omi ń dì ní 32. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ṣí ẹ̀wù òtútù wọn sílẹ̀ gbayawu. Àánú wọn ṣe mí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa takisí, tó ń dúró de èrò ní O'Hare.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín?”

“Àbúrò, ó ti yí! Láti àríwá ìwọ̀-oòrùn ló ti ń já bọ̀ báyìí. Ọwọ́ ò ṣeé yọ síta mọ́.”

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti pín ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí onígun mẹ́rin kéékèèké, kìlómítà 2.5 ní ìbú àti òró, ó sì ń sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá ti ń sún mọ́lé, ẹni tó wà lójú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ ni kí o bi. Bó bá ń sáré máìlì 30 ní wákàtí, kò ní tó ìdajì wákàtí kó tó kàn mí.

Mo gba abẹ́ afárá òpópónà Lake Shore Drive kọjá, mo gun òkè Cricket Hill. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbá mi léjìká òsì láti ẹ̀yìn, ó gbẹ bí ọyẹ́, yìnyín wínníwínní sì ń ta mí létí. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti di dígírì 19. Tí afẹ́fẹ́ bá ń sáré máìlì 25 ní irú òtútù bẹ́ẹ̀, lójú ẹni, dígírì 1 ni. Ìṣirò tí wọ́n ń lò láti ọdún 2001 nìyẹn, ojú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Wọ́n á ní adágún ń mú etí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òótọ́ ni, bí afẹ́fẹ́ bá ti ìlà-oòrùn wá. Ti òní yìí, orí ilẹ̀ ló gbà wá. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Michigan, lódìkejì, ni yóò gbé ooru omi náà lọ bá, pẹ̀lú òkìtì yìnyín. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ yóò kọjú sí, kí ó má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ dígírì.

Ẹ̀gbọ́n tún pè lálẹ́, bátìrì ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń rò. Wọ́n gbọ́ pé òwúrọ̀ yóò dà bíi dígírì 13 lábẹ́ òdo.

“Ìyẹn wà fún ojú yín, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ ò ní awọ. Dígírì 2, ti afẹ́fẹ́ gan-an, ni kí ẹ fi sọ́kàn.”

“Ṣé 2 yẹn náà ń ṣeré ni?”