Nọ́ọ̀sì jágbe, ìyá ọmọ panu mọ́, ọmọ ló ń jìyà ẹ̀

Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tí gìrì mú dé ọsibítù ìjọba lóru rí mọ ohun tá a fẹ́ sọ. Gèlè ìyá ọmọ ti bọ́ sọ́nà, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ojú ọmọ ti yí sókè, ó ń gbọ̀n. Àǹtí nọ́ọ̀sì á gbójú sókè, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Kí lo ti rọ sí ọmọ yìí lẹ́nu? Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ẹ ò ní í gbọ́n láéláé!" Kíá nìyá ọmọ á ti ní, "Mi ò fún un ní nǹkan kan o, mà. Omi lásán ni."

Irọ́ ni. Àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí àgbo ṣì ń rùn lára aṣọ ọmọ.

Ká má tan ara wa, nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, ìtọ̀ màlúù ni wọ́n máa ń sáré sí tí gìrì bá dé. Wọ́n á ti fi ewé tábà, áyù, ẹfinrin àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ àgbo yìí wò, ohun tí wọ́n rí ò dáa: ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ gan-an, ó sì lè jẹ́ kí mímí nira fún un. Ọmọ tí ṣúgà ara ẹ̀ bá já wálẹ̀ lè máa gbọ̀n, kó má mọ ibi tó wà, àfi bí ìgbà tí gìrì àkọ́kọ́ yẹn ò tíì lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá mọ ohun tí ọmọ mu, ibẹ̀ lọwọ́ ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ: wọ́n á yẹ ṣúgà wò, wọ́n á fa glúkóòsì sí i lára. Bí ò bá mọ̀, wọ́n lè máa lé ibà kiri, kí àsìkò sì máa lọ.

Ta ló jẹ̀bi? Ìyá ọmọ purọ́, a ò ní í gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè tí wọ́n bi í. Ìbéèrè kọ́ nìyẹn, ẹjọ́ ni, wọ́n sì ti dá a lẹ́bi kó tó lanu. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, á wá ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò sí abiyamọ tó máa káwọ́ gbera tí gìrì bá mú ọmọ ẹ̀. Èwo lẹ lò, ìgbà wo lẹ sì lò ó, ká lè mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀?" Obìnrin náà á sọ. Á tún fa ìgò ẹ̀ yọ nínú báàgì.

Ẹ bi àwọn aboyún tó ń sá lọ sílé àgbẹ̀bí àti ṣọ́ọ̀ṣì, owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń sá fún. Ẹlòmíì á ní òun ò fẹ́ kí ọmọ tóun lè bí máa bú òun lórí ìkúnlẹ̀.

Tàwọn àgbà tún yàtọ̀. Baba ẹni àádọ́rin ọdún dé, ọmọdébìnrin kan ní, "Baba, o ti lo oògùn ẹ?" "O" kẹ̀! Kí wọ́n tó so nǹkan mọ́ baba lápá, ẹ̀jẹ̀ ti ru sí i.

Orúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí fúnra ẹ̀ ń ṣi èèyàn lọ́nà. Tí Yorùbá bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru, ìbínú, ìrònú àti orí fífọ́ ló máa wá sí i lọ́kàn. Torí náà, lọ́jọ́ tí orí ò bá fọ́ ọ, tí ayálégbé ò sì yọ ọ́ lẹ́nu, á ní ara òun ti yá, á gbé oògùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀, àìsàn náà kì í sábà dunni. Ìgbà tí apá àti ẹsẹ̀ kan ò bá gbé mọ́ lẹlòmíì ń mọ̀. Nọ́ọ̀sì ní "lójoojúmọ́ o", baba ní, "Mo ti gbọ́, ẹ ṣé." "Ẹ ṣé" yẹn ló ń tan àwọn nọ́ọ̀sì jẹ. Èwo nínú wa ló máa sọ fún ẹni tó wọ aṣọ funfun pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò yé òun? Kí wọ́n yéé bi wá pé, "Ṣó yé yín?" Kí wọ́n ní, "Baba, tẹ́ ẹ bá délé, tí Màmá bá bi yín pé báwo lẹ ó ṣe máa lò ó, kí lẹ máa sọ?" Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbọ́ pé ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ nìkan ni baba fẹ́ máa lò ó.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí omi oníyọ̀ àti ṣúgà ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, láàárín 1985 sí 1992. Wọn ò kàn ní ká po iyọ̀ mọ́ ṣúgà. Omi ìgò bíà kan, ṣíbí tíì mẹ́wàá ṣúgà, ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí orí ṣíbí sì tẹ́jú. Ẹni tí wọn ò bá sọ ti orí ṣíbí fún lè bu iyọ̀ gègèrè, iyọ̀ tó pọ̀ jù sì léwu fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. ORS inú ọ̀rá àti oògùn zinc ló wà lóde báyìí, ṣùgbọ́n iye omi tí wọ́n máa pò ó sí ṣì wà lára ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ ọ̀hún ò sì kéré. Wọ́ọ̀dù kún lóru, nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ti lọ sílùú ọba. Lóṣù kejì ọdún 2024, tí àjọ tó ń ṣàkóso wọn ní ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀, ìgboro ni wọ́n bọ́ sí. Ó ti rẹ̀ wọ́n, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìjágbe ò dín iṣẹ́ kù, ó ń fi kún un ni.

Òfin ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 pàápàá sọ pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tó gbọ́, lọ́nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Ẹ lè rán wọn létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání, títí kan ìgò àgbo. Bí nọ́ọ̀sì bá jágbe, ẹ jẹ́ kó jágbe tán, kẹ́ ẹ wá gbé ìgò yẹn síwájú ẹ̀.