Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Bí oníṣòwò ṣe lè rí omi tó ń jò kó tó ba ọjà jẹ́

Omi kò lọ́tàá, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó bá ń jò lábẹ́ síǹkì, nínú ògiri tàbí lókè sílíǹgì ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ọ̀rẹ́ oníṣòwò rárá. Bí olè bá já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lóru, ilẹ̀ á mọ́, onílé àti àlejò á sì mọ̀ pé olè wá. Omi tó ń jò kì í já ilẹ̀kùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ìgbà tí télọ̀ bá fẹ́ kó léèsì oníbàárà jáde ni yóò rí i pé èbu ti sọ ọ́ ní àmì dúdúdúdú. Ìgbà tí ìyá olóúnjẹ bá gbé àpò ìrẹsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni yóò rí i pé ìdí rẹ̀ ti rin, ó sì ti ń rùn.

Kò sí oníṣòwò kékeré tí kò mọ bí irú àdánù bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ènìyàn tó. Èyí tó dára níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lọ́sẹ̀ ti tó láti rí ọ̀pọ̀ nínú ibi tí omi ti ń jò, kò sì gba irinṣẹ́ olówó ńlá. Ojú, ọwọ́, imú, ọ̀pá kan àti ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ti tó.

Omi bọ́ọ̀hóòlù kì í ṣe ọ̀fẹ́

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ló ń lo omi bọ́ọ̀hóòlù. Nítorí pé kò sí ẹni tó ń gbé ìwé owó omi wá fún wọn lóṣooṣù, wọ́n gbà pé ọ̀fẹ́ ni omi náà. Wọ́n gbàgbé pé iná ló ń gbé e láti inú ilẹ̀ lọ sínú táǹkì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i kí owó yúnìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A kúrò ní nǹkan bíi N68, kó di N225. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣọ́ iná lò, tí wọ́n ń pa gílóòbù tí wọn kò lò, ṣùgbọ́n tí omi ń jò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lọ́sàn-án lóru.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Maṣíìnì tó ń fa omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 HP máa ń jẹ nǹkan bíi yúnìtì kan láàárín wákàtí kan. Bí omi tó ń jò bá mú kó fi ààbọ̀ wákàtí ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lójoojúmọ́, tí yúnìtì kan bá sì jẹ́ N200, N100 ló ń lọ lójúmọ́ nìyẹn. Ó di N3,000 lóṣù, ó sì lé ní N36,000 lọ́dún. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi tirẹ̀ kò ní í ka èyí sí owó ńlá, nítorí tirẹ̀ á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò da nǹkan bíi lítà 20 nù láàárín wákàtí 24. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè gbé ìgò omi 75cl sábẹ́ rẹ̀. Bí ìgò náà bá kún láàárín wákàtí kan, lítà 18 ló ń ṣòfò lójúmọ́.

Kí wọ́n wọn omi táǹkì lálẹ́, kí wọ́n tún un wọ̀n láàárọ̀

Àyẹ̀wò tó lágbára jù lọ ni èyí, nítorí pé ó ń fi èyí tó fara pamọ́ hàn. Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n pa maṣíìnì tó ń fa omi, kí wọ́n sì rí i pé gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ló tì. Kí ẹni tára rẹ̀ dá, tó sì ní àkàsọ̀ tó dúró dáadáa, ki ọ̀pá bọ inú táǹkì kí ilẹ̀ tó ṣú, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé lára ọ̀pá, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó bomi, kí ó tún un wọ̀n.

Bí omi bá wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ọkàn oníṣọ́ọ̀bù balẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀, omi ń jò níbì kan láàárín táǹkì àti ẹnu ẹ̀rọ. Táǹkì róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, nǹkan bíi lítà 11 ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀. Bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó lé ní lítà 55, ìyẹn ju kẹ́ẹ̀gì méjì lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí wọ́n ti fáàfù tó ń gbé omi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa, kí wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni olè wà. Ní àgbàlá tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti ń lo táǹkì kan, kí àwọn ayálégbé jọ fẹnu kò sí alẹ́ ọjọ́ kan, kí gbogbo wọn ti ẹ̀rọ pa pọ̀.

Búlúù nínú àpótí omi

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń fi omi ṣòfò jù, kò sì ní í kán sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rí i. Inú àwo ni omi ń gbà lọ jẹ́jẹ́. Kí wọ́n bu búlúù díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, sínú àpótí omi tó wà lẹ́yìn àwo náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án fún ààbọ̀ wákàtí. Bí omi inú àwo bá di búlúù láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, rọ́bà tó ń dí ìsàlẹ̀ àpótí náà ti gbó. Rọ́bà kékeré yìí kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó lè máa da ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà nù lójúmọ́ bó bá bàjẹ́ púpọ̀.

Ojú, ọwọ́ àti imú

Lẹ́yìn èyí, kí oníṣọ́ọ̀bù rìn yí ká. Kí ó fi ọwọ́ gbígbẹ pa gbogbo oríkèé páìpù tó wà lábẹ́ síǹkì. Kí ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ síbẹ̀ lálẹ́, nítorí pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yóò fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Páìpù tó ń kó omi ìdọ̀tí lọ kì í jò àfi bí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, kí wọ́n dí ojú síǹkì, kí wọ́n pọn omi kún un, kí wọ́n wá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì máa wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irun àti àwọn tó ń ta oúnjẹ ló yẹ kó ṣe èyí jù, nítorí pé irun àti ọ̀rá máa ń dí páìpù wọn, omi á sì wá ibòmíràn gbà.

Lára ògiri, ọ̀dà tó wú, ètù funfun tó ń hù nísàlẹ̀, àti òórùn èbu nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn kì í sábà ṣí jẹ́ àmì. Ikán pàápàá fẹ́ràn ibi tó bá rin. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Bí sílíǹgì bá ní àmì róbótó aláwọ̀ ilẹ̀, ìjà máa ń wà lórí pé òjò ni tàbí páìpù. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà yí àmì náà ká, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bó bá ń gbòòrò lẹ́yìn òjò nìkan, òrùlé ni kí wọ́n wò. Bó bá ń gbòòrò nígbà ọyẹ́ tí òjò kò rọ̀ rárá, páìpù ni tàbí omi tó ń ti ara ẹ̀rọ amúlétutù jáde.

Aago àti ilẹ̀ àgbàlá

Páìpù tó ń gbé omi láti inú bọ́ọ̀hóòlù lọ sókè táǹkì yàtọ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ ìgbà tí maṣíìnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni yóò máa jò. Aago ló lè mú un. Kí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú tí táǹkì fi ń kún láti ibi àmì kan náà. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 25 tẹ́lẹ̀, tó wá di 40, ó lè jẹ́ pé páìpù ti là lábẹ́ ilẹ̀, tàbí kí maṣíìnì náà ti máa rẹ̀. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ lójú kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí ilẹ̀ tí kì í gbẹ, máa ń fi ibi tó ti là hàn.

Kí wọ́n má gbàgbé ẹsẹ̀ táǹkì. Ẹgbẹ̀rún lítà omi wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Bí bọ́ọ̀lù tó ń dí omi nínú táǹkì bá bàjẹ́, tí omi ń ṣàn wálẹ̀ sára irin tó gbé e dúró, irin náà yóò dógùn-ún. Ẹni tó bá ń jókòó tajà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń fi ẹ̀mí tajà.

Bí wọ́n bá rí i

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ti fáàfù ńlá pa. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, títí dé ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù, gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Bí omi bá ti sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí wáyà, kí ẹnikẹ́ni má tẹ omi náà o. Kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná láti orísun rẹ̀, bó bá ṣeé dé láìtẹ omi. Bí kò bá ṣeé dé, kí wọ́n jáde, kí wọ́n pe oníná.

Fífi ọ̀rá so páìpù kì í ṣe àtúnṣe. Kí wọ́n pe plọ́ńbà tó mọṣẹ́, kí wọ́n sì fún un láyè. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù oníke kì í mú ara tó tutù dáadáa, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí omi. Ẹni tó bá ní kí plọ́ńbà ṣe kíá nítorí oníbàárà, ó ṣeé ṣe kó tún pè é padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ta ni yóò sanwó? Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011, tó kan ilé ìṣòwò náà, sọ pé kí ayálégbé tọ́jú ibi tó yá, kí ó sì tètè sọ fún onílé bí nǹkan ńlá bá bàjẹ́ níbẹ̀. Ó sì fi àtúnṣe ara ilé lóde àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sọ́rùn onílé. Níbikíbi tí ṣọ́ọ̀bù bá wà, kí oníṣòwò ya fọ́tò ibi tó ń jò, kí ó kọ lẹ́tà tó ní ọjọ́ lórí sí bàbá onílé tàbí aṣojú rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í pẹ́ di àríyànjiyàn.

Ní báyìí ná, kí wọ́n gbé ọjà kúrò nílẹ̀. Pátákó tó ga tó ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n sì fà sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lára ògiri, yóò jẹ́ kí omi kọjá lábẹ́ àpò láìfọwọ́ kàn án, yóò sì jẹ́ kí ojú tètè rí i.

Ètò náà kò ju báyìí lọ: kí wọ́n wo abẹ́ síǹkì, ara ògiri, sílíǹgì àti ẹsẹ̀ táǹkì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n wọn táǹkì, kí wọ́n lo búlúù, kí wọ́n sì fi aago wo maṣíìnì. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí wọ́n ń kọ ọjà sí, nítorí pé owó ọjà náà ni omi tó ń jò ń gbé lọ.