Kí ló ń fà á tí àwọn kan ní Nàìjíríà fi ń sọ pé àwọn kò gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run?

Ní Nàìjíríà, àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, òun náà ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ èrò, ní ọ́fíìsì ìjọba, níbi ìsọmọlórúkọ, ẹnì kan yóò ṣáà ní kí gbogbo ènìyàn gbàdúrà.

Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe àmín. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, wọn kò sì bọ òrìṣà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí Ọlọ́run.

Ọ̀kan lára wọn ni Mubarak Bala, ọmọ Kano tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó sì jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ Humanist Association of Nigeria nígbà tí wọ́n mú un ní ọdún 2020. Oṣù Kínní ọdún 2025 ló jáde lẹ́wọ̀n, lẹ́yìn ọdún tó lé ní mẹ́rin ní àhámọ́, nítorí ohun tó kọ sójú òpó Facebook.

Báwo ni ọ̀rọ̀ Bala ṣe bẹ̀rẹ̀?

Inú ẹ̀sìn Islam ni wọ́n ti tọ́ Bala dàgbà. Nígbà tó sọ fáwọn ẹbí rẹ̀ pé òun kò ṣe ẹ̀sìn mọ́, wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Ní ọdún 2014, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn fún ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ.

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá mú un ní Kaduna, wọ́n sì gbé e lọ sí Kano. Ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí kò tíì pé oṣù méjì nígbà náà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Kano rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24, lẹ́yìn tó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn 18. Bala sọ lẹ́yìn tó jáde pé òun gbà bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀mí òun àti tàwọn ẹlòmíràn má baà bọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìyà náà ti pọ̀ jù, wọ́n sì dín in kù sí ọdún márùn-ún.

Kí ló ń mú kí ènìyàn má gbàgbọ́?

Ọ̀nà kan náà kọ́ ni gbogbo wọn gbà débẹ̀.

Fún àwọn kan, ìyà tó ń jẹ ènìyàn láyé ló fà á. Wọ́n ń bèèrè pé bí Ọlọ́run bá lágbára, tó sì láàánú, kí ló dé tí ọmọ ọwọ́ fi ń kú? Bala ti ṣàlàyé pé fídíò kan tó rí ní ọdún 2013 wà lára ohun tó mú kí òun sọ̀rọ̀ síta. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sọ èdè òun ló ń pa obìnrin Kìrìsìtẹ́nì kan nínú rẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ náà ní èsì sí ìbéèrè yìí. Àwọn kan ní àfọwọ́fà ẹ̀dá ni, àwọn mìíràn ní ìdánwò ni. Ẹni tí èsì náà kò tẹ́ lọ́rùn ló ń bá ìbéèrè lọ.

Fún àwọn mìíràn, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tún wò ó pé ká ní Sokoto ni wọ́n bí àwọn sí ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn jẹ́ Mùsùlùmí; ká ní Onitsha ni, kí àwọn jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n wá ń bi ara wọn pé ṣé òtítọ́ ló wà lọ́wọ́ àwọn ni, àbí ogún ìdílé?

Ìwà àwọn olórí ẹ̀sìn náà ń lé àwọn kan jáde. Àmọ́ ẹni tó bínú sí pásítọ̀ tàbí ààfáà lè kàn pààrọ̀ ibi ìjọsìn ni. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run, àti sí ẹni tó ní òun kò lè sọ bóyá ó wà tàbí kò sí.

Bákan náà, ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run kì í ṣe ẹni tó ń sin Èṣù tàbí Sàtánì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Kò gbà pé ìyẹn náà wà.

Ṣé ohun tuntun ni?

Rárá o. Tai Solarin, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ikenne ní ọdún 1956, kò fi pamọ́ pé òun kò gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí tó jẹ́ ẹlẹ́sìn ló fi ọmọ síkàáwọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Ó kú ní ọdún 1994.

Kí ni òfin sọ?

Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún oníkálukú lómìnira láti ro èrò tó wù ú, láti ṣe ẹ̀sìn tó fẹ́, àti láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Àmọ́ òfin mìíràn tún wà tó fi títàbùkù ẹ̀sìn ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òfin Sharia sì wà ní ìpínlẹ̀ 12 lókè ọya.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n torí pé kò gbàgbọ́, àmọ́ ohun tí ẹnì kan pè ní èrò ọkàn rẹ̀, ẹlòmíràn lè pè é ní èébú sí ẹ̀sìn òun.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fi ń dákẹ́?

Yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù òfin, ẹ̀sìn ló ń sọ ẹni tí yóò so ìgbéyàwó, ẹni tí yóò sọ ọmọ lórúkọ, àti ẹni tí yóò sin òkú. Ẹni tó bá kúrò nínú ẹ̀sìn lè pàdánù ìyàwó, iṣẹ́ tàbí àwọn òbí rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Bala ní ẹ̀rù ààbò ẹ̀mí òun ṣì ń ba òun lẹ́yìn tó jáde. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ìkókó nígbà tí wọ́n mú un, ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin kí bàbá rẹ̀ tó kúrò lẹ́wọ̀n.