Ọmọ tó ń tọ̀ sílé: pàṣán kọ́ ni oògùn rẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá Ìpájà

Láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ìyá ọlọ́jà Ìpájà tó sáré lọ wọ dánfó, ẹní tó rin ti máa ń wà lórí okùn aṣọ láwọn ilé alájọgbé kan. Gbogbo ayálégbé ló mọ ọmọ tó ni ín. Ó ti jẹgba tán, ojú rẹ̀ ti wú.

Láyé ijọ́un, ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń so mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìí, táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa kọrin tẹ̀ lé e kiri àdúgbò. Àwọn kan ti di bàbá ọlọ́mọ, wọn ò tíì gbàgbé ìtìjú ọjọ́ náà. Kí ni ọ̀pọ̀lọ́ mọ̀ nípa ìtọ̀ ná?

Àwọn dókítà ní ọmọ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Oorun rẹ̀ wúwo, tàbí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ò tíì gbó. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 5, bíi 15 ló ṣì ń tọ̀ sílé, ọ̀pọ̀ wọn á sì fi í sílẹ̀ fúnra wọn. Ó tún máa ń wà nínú ẹbí. Bàbá tó ń yọ bẹ́líìtì, kó kọ́kọ́ lọ bi ìyá tiẹ̀ léèrè ìgbà tóun náà jáwọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fomi du ọmọ láti ìrọ̀lẹ́, ẹ dúró ná. Bó bá jẹ́ ọmọ SS, ìyẹn foníkú-fọladìde, kíndìnrín rẹ̀ kì í lè dá omi dúró dáadáa, ìdí nìyẹn tí títọ̀ sílé fi wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹ fomi dù ú, ìrora eegun lè gbé e dè. Ẹ jẹ́ kó mumi dáadáa lọ́sàn-án. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí àìsàn yìí wà ní Ìdí-Àràbà, ní ọ̀kánkán LUTH.

Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni ọmọ tó ti jáwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà lè wà níbẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rù náà lè wà níbẹ̀: tíṣà tó le jù, ìjà bàbá àti ìyá, tàbí ẹni tó ń fọwọ́ kan án níbi tí kò yẹ. Ẹ fà á mọ́ra, kẹ́ ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ẹni tẹ́gba wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbọ́ ìdáhùn yẹn.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tẹ́ ẹ mú wá láti abúlé ńkọ́? Ó tọ̀ sílé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ti ní àjẹ́ ni. Ṣebí àárò ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́! Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2007 ò fàyè gba kí wọ́n máa dójú ti ọmọ.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ẹní, kẹ́ ẹ gbé póò sítòsí. Kó tọ̀ kó tó sùn, kẹ́ ẹ tún jí i kẹ́ ẹ̀yin náà tó sùn. Bílẹ̀ bá mọ́ tí ẹní gbẹ, ẹ yìn ín. Bó bá rin, kó bá yín sá a, láìsí èébú.