Owó Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù Wọ Yunifásítì Òkè Òkun, Àríyànjiyàn Tẹ̀lé E

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tó ń jẹ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù lọ́kàn nìyí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti l'Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá gbọ́ ohun tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń sọ nípa ẹ̀sìn wọn létí àwọn ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Joseph Boden, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó sìn ní Íńdíà, ló fi owó sílẹ̀ kí Yunifásítì Oxford lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Sanskrit. Ìwé ìhágún rẹ̀ kò fi bò: kí wọ́n lè fi èdè náà sọ àwọn ará Íńdíà di Kristẹni ni. Ọdún 1832 ni ẹni àkọ́kọ́, Horace Hayman Wilson, jókòó sórí àga náà. Nígbà tó kú ní 1860, wọ́n dìbò yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Monier Williams ní ìbò 833, Max Müller, ọmọ Jámánì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, sì ní 610. Àwọn tó gboyè ní Oxford ló dìbò o. Àwọn tó ni ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ohun tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere kọ́kọ́ kọ nípa òrìṣà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìtumọ̀ èyí.

Ní 1997, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn Híńdù, Oxford Centre for Hindu Studies, sílẹ̀ nílùú kan náà. Yunifásítì fọwọ́ sí i ní 2006. Owó tí àwọn èèyàn ń dá ló gbé e dúró jù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá. Kò yani lẹ́nu, torí ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé ẹlẹ́sìn Híńdù lé ní mílíọ̀nù kan ní England àti Wales.

L'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àjọ Dharma Civilization Foundation fẹ́ fi owó gbé àga ọ̀jọ̀gbọ́n kalẹ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine. Èrò àjọ náà ni pé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn náà wà lára àwọn tó ń kọ́ni nípa rẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan fárígá: wọ́n ní olówó kò gbọdọ̀ bá yunifásítì yan olùkọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, nígbà tó sì di 2016, yunifásítì ní òun kò gba owó náà mọ́.

Ẹ̀rù olùkọ́ tọ́, ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹlẹ́sìn náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n owó Boden, tó mú àṣẹ tirẹ̀ dání, Oxford gbà á.

Àjọ yìí kan náà ti ran ilé ẹ̀kọ́ Graduate Theological Union ní Berkeley lọ́wọ́, níbi tí wọ́n ti dá ẹ̀ka ìmọ̀ Dharma sílẹ̀ ní 2015. Níbẹ̀, wọ́n gba owó náà.