Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Maṣíìnì ìránṣọ Singer àtijọ́ tó gan pa

Nígbà ọyẹ́, eruku kì í jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó. Bó bá pàdé epo tó ti gbẹ nínú maṣíìnì, àgbá rẹ̀ kò ní yí mọ́.

Kì í ṣe òòlù ló máa tú u.

Kí télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ àti bọ́bììnì, kó fa òwú tó há jáde, kó kán kẹrosíìnì sí àwọn ihò epo, kó fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn náà, kó rọra máa yí àgbá náà síwá-sẹ́yìn. Tó bá ti tú, kó nù ún, kó sì kán epo maṣíìnì sí i. Kó má lo òróró ìdáná, torí yóò tún dì mọ́ irin ni.

Ilé-iṣẹ́ Singer ní Clydebank, Scotland, ti kógbá sílé láti 1980, àmọ́ ọ̀pọ̀ maṣíìnì rẹ̀ ṣì ń ránṣọ.